Àtúnjà Tí Wọ́n Kọ Sílẹ̀ Kí Ìjà Tó Bẹ̀rẹ̀

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ kú àìrí ara wa. Allah á túbọ̀ fi àlùjáńnà ṣe ibùgbé yín. Àwa náà wà níbí, a ń mí. Màmá ṣì ń jí kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ṣì ń bá ewúrẹ́ àwọn ará ẹ̀yìnkùlé jà. Ẹ̀rọ àwọn onípákó ò tíì dákẹ́ ní Òjòwó. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ Mùfú lẹ máa kọ́kọ́ fẹ́ gbọ́, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n má fi falẹ̀.

Mùfú, àbúrò mi tí ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ́ ní ẹ̀ṣẹ́ kíkàn lẹ́yìn ilé ìlagi, ti jà fún bẹ́líìtì. Bẹ́líìtì àwọn tó wúwo jù lọ ni, Bàbá. Bọ̀dá Jímọ̀, ọmọ iṣẹ́ yín àkọ́kọ́, ló gba ipò yín, òun ló ń ṣe alámòójútó rẹ̀ báyìí. Ṣé ẹ rántí bó ṣe máa ń gbé àpò yín kiri bí ìyàwó tuntun?

Ọkùnrin kan tó máa ń ṣètò ìjà ló gbé ìwé àdéhùn wá láti Èkó. Ará Kútọnu kan ló ni bẹ́líìtì nígbà náà. Nítorí pé mò ń ṣe tíṣà ní Òrù, èmi ni wọ́n ní kí n kà á sétí gbogbo ilé. Ohun gbogbo ń lọ dáadáa títí mo fi dé ibì kan. Wọ́n ní bí Mùfú bá borí, kò gbọdọ̀ bá ẹlòmíràn jà títí yóò fi tún bá ará Kútọnu yẹn jà, ní ìlú tiẹ̀. Bí Mùfú bá wá fìdí rẹmi, ó parí nìyẹn. Kò sí àtúnjà fún tiwa.

Mo bi ọkùnrin náà pé, "Kí ló dé tó fi jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló ní àtúnjà?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Madam, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ẹni tó ni bẹ́líìtì ló láṣẹ láti wá a lọ."

Ẹ̀rín yẹn ò wọ̀ mí lára. Mo wojú Bọ̀dá Jímọ̀ kó lè bá mi dá sí i, ilẹ̀ ló ń wò.

Ohun tó tẹ̀ lé e ló wá jẹ́ kára fu mí gan-an. Bọ̀dá Jímọ̀ tí kò lè sọ̀rọ̀ lórí àtúnjà wá di oníjà lórí ohun tí kò tó nǹkan. Ó bá wọn fa àwọ̀ ìbọ̀wọ́. Ó bá wọn fa ẹni tó máa kọ́kọ́ wọlé. Ó tún ní òun ò fẹ́ igun ríìngì tí wọ́n fún wa. Bí wọ́n bá ti gbà fún un, á tún wá òmíràn, ọjọ́ ìjà á sì tún sún síwájú. Lásìkò yẹn náà ni Mùfú ò wá sí ilé ìlagi mọ́. Bọ̀dá Jímọ̀ ní ibòmíràn ló ti ń múra sílẹ̀, kò sọ ibẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, Bọ̀dá Jímọ̀ á wọ mọ́tò, ó di Ìbíadé, ìlú àwọn apẹja létí omi. Kò ní ìbátan kankan níbẹ̀, ẹja gan-an ò bá a lára mu. Ta ló ń lọ rí? Ọkàn mi sọ fún mi pé ó ti tà wá fún àwọn ará Kútọnu.

Bàbá, mo tọpa rẹ̀. Ní Sátidé kan, mo wọ mọ́tò tó tẹ̀ lé tiẹ̀ láti Ìjẹ̀bú-Òde. Mo rí i tó yà wọ ilé kan lẹ́bàá omi, níbi tí wọ́n sá àwọ̀n sí. Mo wọlé láìkí ẹnikẹ́ni. Mùfú ló jókòó lórí ẹní, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà nínú omi ewé gbígbóná, bàbá àgbàlagbà kan tó máa ń to eegun ń fi ìka tẹ̀ ẹ́ wò. Ọwọ́ náà wú bí iṣu.

"Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pariwo," ni Mùfú wí. "Ibi tí mo ti ń múra ló ti kán. Bí wọ́n bá gbọ́, ẹlòmíràn ni wọ́n máa mú."

Mo kọjú sí Bọ̀dá Jímọ̀. Ojú tì mí, síbẹ̀ inú ń bí mi.

"Ṣé o rò pé àwọ̀ ìbọ̀wọ́ ló ń dùn mí ni?" ó bi mí. "Ọjọ́ ni mò ń fà, kí eegun lè ráyè jiná."

"Àtúnjà yẹn wá ńkọ́?"

"Bí mo bá fọwọ́ kan ìyẹn, wọ́n á dìde, wọ́n á máa lọ. Èyí tí kò lè lé wọn lọ ni mò ń bá wọn fà."

Àánú rẹ̀ ṣe mí. Àmọ́ ìfura ò kúrò lára mi tán. Ẹni tó lè fi irú èyí pamọ́ fún Màmá, kí ló kù tí kò lè fi pamọ́?

Nígbà tí ọwọ́ náà jiná, wọ́n tọwọ́ bọ̀wé, wọ́n sì jà á ní Èkó. Mùfú borí, Bàbá! Ọwọ́ ọ̀tún yẹn ló fi gbá ará Kútọnu náà ṣubú, ariwo sì gba gbogbo Ìjẹ̀bú-Igbó kan. Àmọ́ ọwọ́ ti tún kán. Bí a ṣe wọ yàrá, alámòójútó ará Kútọnu wọlé wá kí wa kú oríire. Ó di ọwọ́ ọ̀tún Mùfú mú, ó ń bọ̀ ọ́, ó ń bọ̀ ọ́, kò wo ọwọ́ náà rárá, ojú Mùfú ló ń wò. Mùfú ń rẹ́rìn-ín títí ọkùnrin náà fi jáde. Lẹ́yìn náà ni Mùfú fìdí kalẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì.

A ò tíì sinmi délé tí àwọn ará Kútọnu fi ránṣẹ́ pé àwọn fẹ́ àtúnjà àwọn, kíá, àwọn ò ní dúró. Ta ló sọ fún wọn? Ṣé ọwọ́ tí alámòójútó yẹn bọ̀ nìkan ló fi mọ̀, àbí ẹnìkan ló ta á lólobó? Mo fura sí Bọ̀dá Jímọ̀. Mo fura sí bàbá tó ń to eegun. Kódà, mo fura sí ìyàwó Mùfú. Ọlọ́run á dárí jì mí.

Bọ̀dá Jímọ̀ tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fa ọjọ́, Mùfú kọ̀. Ó gba Èkó lọ bá àwọn oníròyìn, ó tú báńdéèjì lójú gbogbo wọn, ó sì gbé bẹ́líìtì lé tábìlì.

"Ọwọ́ mi ti kán," ó ní. "Bó bá jẹ́ bẹ́líìtì lẹ fẹ́, òun rèé. Bó bá jẹ́ ìjà, ẹ dúró dè mí."

Fìlà ni Bọ̀dá Jímọ̀ fi bojú. Lọ́jọ́ kejì, ará Kútọnu náà fúnra rẹ̀ pe Mùfú lórí fóònù. Ọmọ Àjàṣẹ́ tó wà lẹ́bàá Kútọnu ni, ó gbọ́ Yorùbá.

"Màá dúró," ó ní. "Mi ò fẹ́ na arọ."

Mo fura sí ìyẹn náà. Àmọ́ ó dúró lóòótọ́, títí ọwọ́ fi jiná.

Gbogbo wa la lọ sí Kútọnu. Ẹ̀gbẹ́ ríìngì ni mo jókòó sí, mò ń ṣọ́ wọn. Mo wo ike omi, mo wo àwọn adájọ́, mo wo ẹni tó ń lu agogo. Wọ́n jà á dópin, wọ́n sì gbé ọwọ́ ará Kútọnu sókè. Mo la ẹnu láti pariwo olè, mo tún pa á dé. Ojú mi ló ṣe, Bàbá. Ó na ọmọ yín, ó nà án dáadáa. Mo wá ojóòro títí, mi ò rí. Mùfú dì mọ́ ọn, ó ń rẹ́rìn-ín, kò sí ibi tó kán lára rẹ̀.

Nígbà tí à ń padà bọ̀, tí mọ́tò dúró ní Sẹ̀mẹ̀, mo sọ fún Bọ̀dá Jímọ̀ pé Mùfú ṣe oríire, pé ó kéré tán wọ́n bá a lò bí ọmọlúàbí. Mo ní ẹ̀yin ni wọ́n rẹ́ jẹ, tí wọ́n fi ojóòro gba ìjà yín ìkẹyìn, tí wọ́n sì fi àtúnjà dù yín. Bí a ṣe gbọ́ ọ dàgbà nílé nìyẹn.

"Wọn ò fi du bàbá rẹ," ó ní. "Wọ́n wá bẹ̀ wọ́n dé ilé. Bàbá rẹ fúnra wọn ló kọ̀."

"Kí ló dé?"

"Bi ìyá rẹ."

Bàbá, kí ló dé? Ṣé ara yín ò yá ni? Ṣé ẹ̀rù ni? Àbí nítorí àwa ọmọ ni? Kí ló dé tí ẹ jẹ́ ká máa ṣépè fún àwọn èèyàn yẹn ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn?

Lánàá, Màmá ń bó ẹ̀gúsí, mo jókòó tì wọ́n. Mo sọ ohun tí Bọ̀dá Jímọ̀ wí, mo rò pé wọ́n á fi í ṣẹ̀sín. Ọwọ́ wọn dúró.

"Ta ló sọ fún ọ?" ni wọ́n bi mí.

Ẹni tí kò mọ nǹkan kan kì í béèrè bẹ́ẹ̀. Mo bu ẹ̀gúsí díẹ̀ sínú igbá tèmi, a jọ ń bó o.

Èmi ni, ọmọbìnrin yín, tí mo fura sí gbogbo ayé tán, tó wá ku ẹ̀yin, tí mo sì fẹ́ràn yín bí mo ṣe fẹ́ràn yín tẹ́lẹ̀.