Ìbéèrè Máàtì Dọwọ́ Alákàrà

Inísà, Ọjọ́rú

Mo ní kí kọ̀ǹpútà Linux iléèwé tẹ ìbéèrè ìdánwò ọ̀la, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ẹ̀gbẹ́ mi ò mira. Mo tún un tẹ̀ nígbà méjì sí i. Àṣé látìgbà tí iná ti lọ lánàá ni Linux ti yan ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ọ́fíìsì Dúpẹ́ akọ̀wé, láì bi mí!

Mo sáré débẹ̀. Ẹ̀dà méjì péré ni mo bá.

"Dúpẹ́, ìkẹta dà?"

"Háà, mà! Mo rò pé ó bàjẹ́ ni. Mo ti kó o mọ́ bébà tí ìyá alákàrà fi ń pọ́n àkàrà."

Ìyá ti palẹ̀ mọ́, wọ́n ti wọkọ̀ lọ Òkukù.

Mo ti yan ẹ̀rọ mi padà. Kí nìyẹn fẹ́ ṣe?

Báwo ni mo ṣe máa sọ fún ọ̀gá?

Ọ̀dọ̀ ìyá yẹn ni gbogbo ọmọ kíláàsì mi ti ń ra àkàrà láàárọ̀.