Ọkọ̀ Rẹ Kò Ní Ṣá Mọ́

Agboolé Aláró,
Kọ́bapẹ́,
lẹ́bàá Abẹ́òkúta.
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kẹwàá, ọdún 1983.

Sàlàhúdíìnì ọmọ mi,

O kú iṣẹ́, o kú ìnáwó Èkó, o kú àìrí oorun sùn. Mo ní kí n kọ́kọ́ kí ọ ná, nítorí ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà láìkíni, ìjà ló fẹ́ jà. Títílọlá aya rẹ ńkọ́? Ṣé ó ti ń bá ọ sọ̀rọ̀ padà láti ìgbà tí o ti ra ọkọ̀ tí kò ní àyè ìjókòó fún àwọn ọmọ? Ọlọ́run Ọba yóò bá wa pẹ̀tù sí i lọ́kàn.

Àlàáfíà ni gbogbo wa wà. Òjò pọ̀ lọ́dún yìí, ẹ̀gẹ́ sì ta dáadáa. Ewúrẹ́ Sàfúrátù ọ̀rẹ́ mi bí ìbejì, ọ̀kan jọ ìyá rẹ̀, èkejì jọ òbúkọ wa, ẹjọ́ náà sì ti wà níwájú Baálẹ̀.

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà, mo sì kà á lẹ́ẹ̀mẹta. O ní owó tí báńkì yá ọ lo fi ra ọkọ̀ pupa ẹlẹ́ni méjì náà lọ́wọ́ òyìnbó tó ń padà sílé, àti pé ìwé ilé wa yìí lo fi dógò, bí ọkọ̀ náà kò bá sì rí ẹni rà á ní iye tó dára kí Kérésì tó dé, báńkì yóò wá fi àgádágodo sí ẹnu ọ̀nà wa. Ọmọ mi, má fòyà. Ọkùnrin báńkì náà ti wá. Ó yí ilé po, ó fi okùn wọ̀n ọ́n níwájú àti lẹ́yìn, ó ń kọ ọ́ sínú ìwé. Inú mi dùn. Láti ìgbà tí bàbá rẹ ti kú, kò tún sí ẹni tó wo ilé náà tìfẹ́tìfẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo fún un ní iṣu sísun, ó jẹ ẹ́, ó sì ń wo òrùlé.

Ohun tó kọ́kọ́ dà mí láàmú nínú lẹ́tà rẹ ni pé o ní bí ọkọ̀ tuntun bá ti kúrò níbi tí wọ́n ti rà á báyìí, ìdá kan nínú mẹ́rin owó rẹ̀ ti já bọ́, àti pé lọ́dọọdún ni òmíràn ń já bọ́ tẹ̀lé e. N kò lè jẹun. Ṣé irú owó bẹ́ẹ̀ á máa já bọ́ lójú títì, ẹnikẹ́ni kò sì ní bẹ̀rẹ̀ kí ó ṣà á? Èmi àti Sàfúrátù bá lọ sí Láfẹ́nwá, níbi tí o ti dúró ra búrẹ́dì lọ́jọ́ tí o ń gbé e bọ̀ wá pamọ́ sọ́dọ̀ mi níbí, a bi àwọn oníbúrẹ́dì bóyá wọ́n rí nǹkan he. Wọ́n búra pé àwọn kò rí nǹkan kan. Ọ̀kan nínú wọn ti ra ẹ̀rọ ìránṣọ tuntun láti ìgbà náà ṣá o. Mo kàn ní kí o gbọ́ ni.

Lẹ́yìn náà ni mo ka ibi tí o ti ní irú ọkọ̀ yìí kò rí bí àwọn yòókù, pé bí irú rẹ̀ kò bá pọ̀ láyé, tí a kò gùn ún jù, tí àwọ̀ rẹ̀ kò sì ṣá, lẹ́yìn ogún ọdún yóò wọ́n ju iye tí a rà á lọ. Ìyẹn yé mi. Sányán ìyá mi wà nínú àpótí láti ayé ogun Hítílà, mo ń fi káfúrà sí i, ta ló rí irú rẹ̀ rà lónìí? Nítorí náà mo ti fi káfúrà mẹ́rìnlá sínú ọkọ̀ rẹ. Mo sì ń gbàdúrà lẹ́yìn ìrun àsùbáà pé kí àwọn tó jọ ọ́ níbi gbogbo láyé máa bàjẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí tiwa lè di ọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n kí ó má sí ẹnikẹ́ni nínú wọn lọ́jọ́ náà. Àlùfáà ní òun kò gbọ́ irú àdúrà bẹ́ẹ̀ rí, òun kò sì ní ṣe àmín sí i àfi bí mo bá yọ àwọn tó wà ní Mẹ́kà sílẹ̀. Mo ti yọ wọ́n.

Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo wo ọkọ̀ náà dáadáa lábẹ́ àtíbàbà, àyà mi já. Apá òsì rẹ̀, tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń pa, ti ń ṣá. Ó ti ń rí bí ata tó pẹ́ lórí ẹní. Ọmọ aláró ni ọ́, o mọ ohun tí à ń ṣe sí aṣọ tó bá ṣá. A kì í sunkún lé e lórí, a máa ń tún un rẹ ni. Mo pe Sàfúrátù, mo pe Beatrice tí a jọ ń tajà ní Ìtòkú, a gbé ìkòkò aró jáde. Aró kò mú un! Ó ń ṣàn wálẹ̀ bí omi lẹ́yìn pẹ́pẹ́yẹ. Sàfúrátù ní irin náà ń gbéra ga. Beatrice ní kì í ṣe ìgbéraga, wọ́n ti fi nǹkan pa á lára nílùú òyìnbó.

A bá ránṣẹ́ sí Josiah tó ń kọ̀wé sára lọ́rì ní Láfẹ́nwá, ó po ọ̀dà títí ó fi dúdú bí aró tó kanlẹ̀. Kí ó tó kùn ún, àwa ti fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ ẹ̀gẹ́ sí i lára, gẹ́gẹ́ bí a ti ń yà á sára aṣọ. Nígbà tí ọ̀dà gbẹ, a fi kànrìnkàn fọ ẹ̀kọ kúrò, pupa òyìnbó sì yọ láàárín aró. Háà! Ẹyẹ méjì wà lára ilẹ̀kùn. Ẹṣin kékeré kan ti wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó dá wà, ó ń ta ẹsẹ̀ sókè bí ẹni tó fẹ́ sá lọ, a fi ọ̀pọ̀lọ́ bò ó. Beatrice dá orin ìjọ wọn, èmi náà gbè é, a jó yí ọkọ̀ ká títí Josiah fi ní kí a má ta eruku sí ọ̀dà òun.

Lọ́jọ́ kẹta ni ọkùnrin tí o rán wá láti wá ra ọkọ̀ dé. Ó wọ sòkòtò funfun. Mo ká aṣọ kúrò lórí ọkọ̀, ó sì jókòó sínú igbá ẹ̀kọ. Ó gbé ọwọ́ lórí. Ó bi mí pé ta ló ṣe é. Mo ní èmi ni, ṣùgbọ́n mo fi ìrẹ̀lẹ̀ sọ ọ́. Ó ní òun ti rí irú ọkọ̀ yìí ní Lọ́ńdọ̀nù, òun ti rí i ní Róòmù, ṣùgbọ́n òun kò rí irú èyí rí, kò sì sí ẹni tó ní irú rẹ̀ nínú gbogbo ayé. Ṣé o gbọ́? Ọ̀kan ṣoṣo láyé! Àdúrà mi ti gbà, ẹnikẹ́ni kò sì fara pa.

Mo ní kí ó dá owó, kò dá owó. Ó ní òun yóò wá bá ọ ní ọ́fíìsì rẹ, ó sì ń lọ. Inú ìsọ̀ aṣọ la ti tọ́ ọ dàgbà, o mọ̀ pé èyí tó kọ̀yìn tó ń ráhùn lọ ló máa padà wá rà á. Mo pè é lẹ́ẹ̀mẹta bí a ti ń ṣe ní Ìtòkú, mo ní a ó dín in kù fún un, kò wẹ̀yìn. Bí ó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ, má ṣe jẹ́ kí ojú rẹ fi hàn pé o fẹ́ tà á. Ìlọ́po méjì ni kí o pè é. Ọkùnrin báńkì náà tún wá lánàá, ó wo ọkọ̀ náà títí, ó tún padà lọ wọn ilé lẹ́ẹ̀kejì. Mo rò pé ó fẹ́ kọ́ ibi tí ọkọ̀ yóò máa wọ̀ sí ni.

Ohun tó wá kù ni pé ọ̀dà tán. Apá òsì nìkan la ṣe parí, apá ọ̀tún ṣì wà bí òyìnbó ṣe fi í sílẹ̀, pupa lásán, ó ń tì mí lójú. Jọ̀wọ́ fi ogójì náírà ránṣẹ́ kíákíá, kí oníbàárà wa má lọ dé lójijì kó wá dá owó ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo.

Ọlọ́run yóò dá oorun rẹ padà. Ohun tí o rà kò ní rà mọ́ ọ lọ́wọ́. Bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́, bẹ́ẹ̀ ni wàá máa di ọ̀wọ́n sí i lójú aya rẹ, lójú ọ̀gá rẹ, àti lójú báńkì.

Èmi ni ìyá rẹ,
Bùsírátù Aláró.