Orin Tí Mo Fi Ń Lo Oògùn Rẹ

Adó-Odò,
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa.

Ayọ̀kúnnúmi, ọkọ mi, Àkànbí ọmọ Dúrójaiyé,

Ṣé dáadáa ni o wà ní Ọ̀tà, ṣé ara rẹ le, ṣé ò ń rí oúnjẹ gidi jẹ? Àwọn aláìsàn rẹ náà ńkọ́? Mo ń gbàdúrà pé kí Ọlọ́run wo gbogbo wọn sàn, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe wò wọ́n sàn tán lẹ́ẹ̀kan náà, kí iṣẹ́ má baà bọ́ lọ́wọ́ rẹ.

Èmi ìyá bàbá rẹ ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ lẹ́tà yìí. Lucy, tíṣà wa ní ilé-ìwé àgbà, kàn bá mi fi àmì sórí ọ̀rọ̀ ni, ó ní mo máa ń fi í sílẹ̀ bí ẹni tó gbàgbé iyọ̀ nínú ọbẹ̀. Ewúrẹ́ mi bí ìbejì, akọ kan, abo kan. Láwàlì tó ń gbé òdìkejì ilé wa kò tíì gbádùn orúnkún rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ le koko. Wọ́n ní gbogbo ibi tí a ti ń gbin ẹ̀gẹ́ lọ́nà Ọ̀tà ti di yunifásítì, èyí tí kò bá sì di yunifásítì ti di ṣọ́ọ̀ṣì. N kò mọ ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé yẹn máa fi ṣe gàrí.

Ohun tó mú mi kọ̀wé gan-an ni oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí o fún mi nígbà ọdún Àjíǹde, àti orin tí o fi ránṣẹ́ tẹ̀lé e. Kí orin náà tó dé, ọkàn mi kò balẹ̀ sí oògùn yẹn. Bàbá mi máa ń wo àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ nígbà ayé rẹ̀, kò sì já ewé kan rí kó má bá a sọ̀rọ̀ kó tó gún un. Ó ní oògùn tí a kò bá sọ ohun tí yóò ṣe fún un, bí ọmọ tí a rán lọ sọ́jà láìsọ ohun tí yóò rà ni, yóò kàn máa rìn káàkiri inú ara. Oògùn tìrẹ funfun, ó kéré, ó sì dákẹ́. Mo máa ń gbé e mì tí orí bá ń fọ́ mi, ṣùgbọ́n mo ń sọ nínú ara mi pé ọmọ yìí gbàgbé ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìgbà tó yá ni Lucy gba orin rẹ sórí fóònù rẹ̀, ó fi í sínú tèmi, ó ní dókítà fúnra rẹ̀ ló kọ orin náà. Mo ní ó tán, ọmọ mi kò gbàgbé, ohùn oògùn náà ló kàn pẹ́ lọ́nà.

Láti ìgbà náà, bí mo bá ti jí, n ó bu omi sínú ife, n ó gbé oògùn sí àtẹ́lẹwọ́, n ó tẹ fóònù. Orí ìdúró ni mo máa ń wà, nítorí a kì í jókòó gba ohùn. Tó bá dákẹ́ ni mo tó gbé oògùn mì. Lucy ní orin ìyìn lásán ni, pé wọn kò kọ ọ́ fún àìsàn kankan. Ọmọ dáadáa ni, kò sì tíì lọ́kọ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ló gbé e dé ìlú wa, kò lè mọ̀. Àwọn aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Láwàlì máa ń wọ́ orúnkún rẹ̀ wá, bí mo bá sì pẹ́ díẹ̀, yóò kan ilẹ̀kùn pé, “Ìyá àgbà, ẹ̀yin nìkan kọ́ lẹ̀ ń ṣàìsàn o.” Mùsùlùmí ni, ó ní orin ṣọ́ọ̀ṣì kò lè dé ibi tí orúnkún òun wà, ṣùgbọ́n kò pa ọjọ́ kan jẹ rí.

Nígbà tí mo dé ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì so rọ́bà mọ́ mi lápá, ó wò ó, ó tún un wò. Ó ní ẹ̀jẹ̀ mi ti wálẹ̀, kí ni mo ṣe? Mo ní orin ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó bi mí bóyá mo ti ń lo oògùn lójoojúmọ́ báyìí. Mo ní báwo ni n kò ṣe ní lò ó lójoojúmọ́, nígbà tí àdúgbò ti dúró sẹ́nu ọ̀nà mi kí ilẹ̀ tó mọ́? Ó ní hẹn-ẹn, ó sì kọ nǹkan sílẹ̀. Mo rò pé orúkọ orin náà ló ń kọ.

Káàdì rẹ ti dé, èyí tó ní kí èmi àti bàbá rẹ wá gbọ́ orin náà ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì yín. Mo ní ọmọ mi mọ iṣẹ́, ta ni kò mọ̀ pé a kì í rí dókítà láìní káàdì? Lucy ní wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ènìyàn méjì péré. Mo ní dókítà wo ni yóò kó gbogbo akọrin yẹn jọ nítorí ènìyàn méjì? A gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ṣe fọ́tókópì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, a ṣe é kárí àdúgbò. Olúkúlùkù ti kọ àìsàn rẹ̀ sẹ́yìn tirẹ̀, kí o má baà ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bi wọ́n léèrè. Èmi ni mo bá àwọn tí kò mọ̀wé kọ tiwọn. Kìlọ̀ fún ẹni tó máa dúró lẹ́nu ọ̀nà kó má pè é ní ayédèrú.

Ó wá ku bàbá rẹ. N kò ní fi pa mọ́ fún ọ. Láti ìgbà tí o ti dín ọjọ́ iṣẹ́ rẹ ní ọsibítù kù nítorí ẹgbẹ́ akọrin tí ò ń darí, ó ti kó gbogbo oògùn tí o fún un tì. Ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ sì ga ju tèmi lọ, ọwọ́ òsì rẹ̀ a máa rọ lójijì. Ó ní òun kò ta ilẹ̀ rán ọmọ nílé-ìwé dókítà kó lè máa ju ọwọ́ níwájú èèyàn bí ẹni tó ń lé ẹyẹ lóko ìrẹsì. Mo ní ẹyẹ lílé náà iṣẹ́ ni, bí a kò bá lé e, kí ni dókítà fẹ́ jẹ? Gbọ̀ngàn yín tún wá jẹ́ ilé iṣẹ́ ìṣó tí wọ́n ti lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́ nígbà kan, kó tó di ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní òun kò ní tẹ ibẹ̀ mọ́ láéláé. Àwọn àgbà ní oògùn tí a kò fowó ṣe, ẹ̀yìn ààrò ní í gbé, ibẹ̀ gan-an ni mo sì ti bá tirẹ̀. Ẹ̀rù bà mí, Àkànbí. Òun nìkan lọ́mọ tó kù fún mi, n kò fẹ́ kó ṣíwájú mi.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ló gbé òòlù wá, ó ní ilẹ̀kùn mi ń dún. Lọ́jọ́ kejì, ó ní fèrèsé ni. Kò sí ohun tó ṣe fèrèsé náà. Yóò máa kan ìṣó títí orin yóò fi bẹ̀rẹ̀, òòlù a sì dákẹ́. Mo bá lọ gbé oògùn rẹ̀ lẹ́yìn ààrò, mo nà án sí i nígbà tí orin ń lọ. Ta ni yóò dá ọwọ́ ìyá rẹ̀ padà lójú Láwàlì? Ó gbé e mì, ó ń bá fèrèsé lọ. Bí a ṣe ń ṣe é láràárọ̀ nìyẹn. Ó ti kan ilé mi débi pé atẹ́gùn kò ríbi wọlé mọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, orin náà dé ibi tí àwọn obìnrin ti ń gbé ohùn sókè, tí fóònù sì máa ń gé e. Bàbá rẹ yọ ìṣó kúrò lẹ́nu, ó ní, “Màámi, ṣé ibi tó parí sí nìyẹn?” Lucy ní kò parí, pé àyè ló tán nínú fóònù, ìyókù wà ní Ọ̀tà. Mo ní àṣé ìdajì oògùn ni a ti ń lò. Lọ́jọ́ kejì, mo rí kóòtù tí bàbá rẹ fi ṣègbéyàwó lórí okùn níbi tó sá a sí, ó sì ń bi Láwàlì bóyá àyè ṣì wà nínú bọ́ọ̀sì tí yóò gbé wa wá sí Ọ̀tà. Láwàlì ní aláìsàn nìkan ni àwọn ń kó.

Bàbá rẹ ní, “Ta ló sọ fún yín pé ara mi yá?”

Nítorí náà, fi owó bọ́ọ̀sì ránṣẹ́, kí o sì fi ti oúnjẹ ewúrẹ́ kún un, abiyamọ ni. Má fi í sí báńkì. Nígbà tí mo lọ kí owó tí o fi síbẹ̀ níjọ́sí, ọmọbìnrin ibẹ̀ ní òun kò lè fi í hàn mí, pé owó náà ti lọ ṣiṣẹ́. Mo ní ta ló rán an níṣẹ́? Fún awakọ̀ Adó-Odò kó gbé e wá.

Lọ́jọ́ náà, má ṣe gé orin kúrú. Oògùn bàbá rẹ yóò wà lọ́wọ́ mi, kò sì ní gbé e mì àyàfi tó bá gbọ́ ìparí rẹ̀. Ó ní kí n má kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé òun ń bọ̀. N kò kọ ọ́ o. Ìwọ ṣáà gbé àga méjì síwájú.

Ohùn rẹ kò ní sọnù láwùjọ. Àwọn tí o bá fọwọ́ kàn yóò dìde. Wàá rí aya rere fẹ́, ìyẹn tó mọ àmì fi sórí ọ̀rọ̀. Wàá sì bí ọmọ tó lórí kunkun bíi tìrẹ àti ti bàbá rẹ, wàá pẹ́ láyé láti máa bá a jà, mo bẹ Ọlọ́run.

Èmi ni,
Ẹfúnkẹ́, ìyá bàbá dókítà.