Ọkọ Mi Mùsáfírù, Tó Ń Gbé Wa Lọ Síbi Tára Ti Ń Tuni

Bàbá Ikram, ọdún márùn-ún rèé tí ẹ ti lọ! Ọdún márùn-ún gbáko! Tí ọjọ́ yìí bá ti pé lọ́dọọdún, kì í pẹ́ tí mo fi ń rí ọ̀rọ̀ bá yín sọ. Tọdún yìí ni kò rí bẹ́ẹ̀. Ojú ń tì mí. Mo kọ ọ́, mo fà á ya, mo tún un kọ. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó rọrùn.

Ilé Mówè tí ẹ fi sílẹ̀ ní líńtẹ̀lì ti ní òrùlé. Mo ní kí wọ́n gbé síílìn rẹ̀ sókè gan-an, bí ẹ ṣe máa ń wí, kí ooru má bàa jókòó lé wa lórí. Ikram ti ga jù mí lọ. Qudrah tí kò tíì lè pe orúkọ ara rẹ̀ dáadáa nígbà tí ẹ lọ ti ń ké Kùránì létí mi láàárọ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ yín ò dákẹ́ o! Èmi ni mò ń fi rán ìbòrí àga mọ́tò ní ṣọ́ọ̀bù Ìbàfò. Àwọn dẹ́rẹ́bà ní ọwọ́ mi ò tíì tó tiyín. Òótọ́ ni wọ́n sọ.

Bọ́ọ̀sì yín náà ṣì wà.

Ta ló lè gbàgbé bọ́ọ̀sì yẹn! Yàrá kan ṣoṣo là ń gbé n'Ìbàfò nígbà náà, páànù rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kanni lórí. Oyún Qudrah wà nínú mi nígbà tí ooru oṣù kẹta gbé mi ṣubú lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ gbé mi, ẹ fẹ́ mi ní abẹ̀bẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, ẹ ti yọ àga ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì, ẹ kan ibùsùn sí i, ẹ ta nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn sójú fèrèsé, ẹ gbé sítóòfù àti ẹ̀rọ ìránṣọ wọlé. Ẹ ní, “Fàósátù, ibi tí mọ́tò bá wà niṣẹ́ mi wà. Ibi tára bá ti tù ọ́ la ó máa gbé.”

Bẹ́ẹ̀ la ṣe di arìnrìn-àjò. Tí ooru bá mú, a gorí òkè lọ sí Èfọ̀n. Tí ọyẹ́ bá ń fi eruku dá Qudrah láàmú, a sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Bàdágírì, níbi tí afẹ́fẹ́ òkun ti ń fẹ́. Tí òjò bá sọ Ìbàfò di ẹrẹ̀, a gba ọ̀nà Ṣakí. Nígbà tí fóònù alágbèéká dé, ẹ kọ́kọ́ máa ń pe dẹ́rẹ́bà tẹ́ ẹ mọ̀ nílùú tá à ń lọ. Ẹ kì í bi í bóyá oòrùn mú. Ohun tẹ́ ẹ máa ń bi í ni pé, “Ṣé aṣọ tẹ́ ẹ sá láàárọ̀ ti gbẹ? Ṣé ẹ da aṣọ bora sùn lánàá?” Tó bá dáhùn tán, ẹ ó rẹ́rìn-ín: “Ìyá Ikram, di ẹrù!”

Ẹni tó máa ń dá yín lóhùn láti Ṣakí ni Láwàl. Ẹ ò gbàgbé rẹ̀, Láwàl tó ń fi lọ́rì kó èlùbọ́ wá s'Ékòó.

Ibà tá a pè ní kékeré ló mú yín lọ. Nígbà tá a ṣe àdúrà ogójì ọjọ́ yín tán, fóònù yín dún, Láwàl ni. “Ọ̀gá, ojú ọjọ́ tutù níbí o! Ẹ máa kó wọn bọ̀!” Mo sọ fún un pé ẹ ti lọ. Mo gbọ́ tó ń sunkún bí ọmọdé.

Láti ìgbà náà ló ti ń pè. Á béèrè àwọn ọmọ, á sọ bí ojú ọjọ́ ṣe rí ní Ṣakí, ó parí. Tí lọ́rì rẹ̀ bá gba Ìbàfò, ìta ló máa ń jókòó sí, kì í wọlé. Ìyàwó tirẹ̀ ti kú tipẹ́. Lọ́dún tó kọjá, ó ní òun fẹ́ fẹ́ mi.

Bàbá Ikram, ojú tì mí! Mo pa fóònù mọ́ ọn lẹ́nu.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, ikọ́ tún gbé Qudrah. Láwàl ní kí á gbé e lọ sí Bàdágírì bí ẹ ṣe máa ń ṣe, òun á wà wá lọ, òun á sì padà. Ikram dúró níwájú ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì. “Àga Dádì mi nìyẹn. Ẹ ò ní jókòó síbẹ̀.” Láwàl ò bínú. Ó na kọ́kọ́rọ́ sí i. “Àga wọn ni lóòótọ́. Tó o bá gbà mí láyè, mo máa wà á. Tí o ò bá gbà, mo máa lọ wá takisí fún àbúrò rẹ.” Ikram wo àbúrò rẹ̀ tó ń wúkọ́. Ó pẹ́ kó tó kúrò lọ́nà.

Afẹ́fẹ́ òkun fẹ́ sí wa. Qudrah wá ń mí dáadáa. Láwàl ń sọ bí ewúrẹ́ ṣe jẹ èlùbọ́ òun lójú ọ̀nà, mo sì bú sẹ́rìn-ín. Nínú bọ́ọ̀sì yín! Mo fi ọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti jáde. Àwọn ará àdúgbò ní ìyàwó Mùsáfírù ti gbé ọkùnrin sínú mọ́tò olóògbé. Ọ̀rọ̀ wọn dùn mí, àmọ́ ẹ̀rín yẹn ló tì mí lójú jù.

Ó dé etí ìyá yín n'Ífọ̀. Àlàájà Sàúdátù ránṣẹ́ pè mí. Mo kúnlẹ̀, mo fi ìborùn bojú. Màámi sunkún tẹ́rùn kí wọ́n tó sọ̀rọ̀.

“Ṣé ó ń tọ́jú àwọn ọmọ?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Ṣé o fẹ́ràn rẹ̀?”

Mo fi orí dá wọn lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni.

“Gbójú sókè. Mo ti sin ọmọ kan, mi ò ní sin ìyàwó rẹ̀ láàyè. Àmọ́ lọ sọ fún ọmọ mi fúnra rẹ. Má jẹ́ kó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíì.”

Mo ti sọ ọ́ o, Bàbá Ikram. Wọ́n á so yigi èmi àti Láwàl lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀. Ikram ní òun á wá, ṣùgbọ́n òun ò ní pè é ní Dádì. Láwàl ní kó má pe òun bẹ́ẹ̀.

Ojú ṣì ń tì mí. Bóyá kò ní kúrò. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rò pé mo ti pa yín tì! Mo fẹ́ràn yín. Àárò yín ń sọ mí, ó ń sọ Ikram, ó ń sọ Qudrah tí kò fi bẹ́ẹ̀ rántí ojú yín. Kí Ọlọ́run tẹ́ ibùgbé yín sí ìtura. Bí ẹ bá wọlé báyìí, màá fi ohunkóhun tí mò ń ṣe sílẹ̀, màá dìde fún yín níwájú ẹnikẹ́ni. Mo ti sọ bẹ́ẹ̀ fún Láwàl.

Ó ní òun náà á dìde.