Omi Tí Mo Sè fún Ìyá Mi Kékeré

Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà
Ọmọ ọmọ mi dé. Ìyá Mi Kékeré ni mo sọ ọ́ — ó ń wò wá bíi pé òun ló bí gbogbo wa. Ọmú ìyá rẹ̀ kò sun tó, mílíìkì agolo ni wọ́n ń pò fún un. Mo ní omi kànga mi ni kí wọ́n fi pò ó. Èmi tí n kò ka ìwé dé ibì kankan, ọwọ́ mi ni mo fi gbẹ́ kànga yìí lẹ́bàá oko àgbàdo mi. Ó mọ́ ju ojú ìyàwó tuntun lọ. Gbogbo àdúgbò ń pọn ọ́n. Ta ló tó mi?

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà
Òjò ńlá. Ajílẹ̀ tí mo dà sóko ti wọlẹ̀. Àgbàdo mi dúdú minimini. Kí àwọn ọ̀lẹ wá wò ó.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ
Ọmọ ò mu dáadáa. Ètè rẹ̀ — bí aró. Ìyàwó ọmọ mi ní, “Bàbá, ṣé kì í ṣe omi yìí?” Omi tèmi! Mo ní bó bá jẹ́ kòkòrò, iná á pa á. Mo gba ìkòkò lọ́wọ́ rẹ̀, mo sè é fúnra mi títí ó fi kù sí ìdajì. Iṣẹ́ àgbà.

Àìkú
Ó burú sí i. Èékánná náà ti dú. Mo jókòó, mo dìde.

Ajé, ọjọ́ kẹwàá
Ilé ìwòsàn. Wọ́n fi rọ́bà èémí sí i nímú. Nọ́ọ̀sì kan tí mo lè bí bi mí ohun tó ń mu. Mo fọ́nnu bí mo ṣe sè é. Ó ní, “Ẹ má bínú o, bàbá. Kì í ṣe kòkòrò. Ajílẹ̀ ni, kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọwọ́ gbé èémí. Òjò ń wọ́ ọ lọ sínú ilẹ̀, ó ń jò wọ kànga yín. Iná kì í pa á. Omi ló ń gbẹ, òun ń ki sí i.” Mo wẹ̀yìn, bóyá ẹlòmíì ló ń bá wí. Ìyàwó ọmọ mi ń tún aṣọ ọmọ ṣe. Ì bá bú mi.

Ìṣẹ́gun
Ó ké! Ètè ti ń pọ́n. Mo jáde síta lọ fọn ikun mi.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá
Mo délé, mo tú okùn kànga, mo dúró lẹ́nu rẹ̀. Àwọn ará àdúgbò ti gbé garawa dé. Káfíńtà kan láàárín wọn ní, “Ṣé bàbá fẹ́ máa ta omi ni?” Ẹ̀rín. Mo ní omi náà ò dáa fún ọmọ ọwọ́. Aboyún kan ní kí n má bínú, òun á kúkú máa sè é fọ́mọ òun tó bá dé. Mo ní, “Ìyá mi, ẹ sọ garawa yẹn kalẹ̀. Èmi náà sè é.” Kò yé wọn. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó fún wọn, látorí ajílẹ̀ mi.