Abọ́ Àjíkẹ́

Bọ̀ọ̀dá Sámù,

Ẹ má bínú pé mi ò dúró kí ẹ ti oko dé. Lọ́rì tó ń ti Òmù-Àrán lọ Ìlọrin ò ní dúró dè mí.

Oògùn Màmá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtùpà. Kí wọ́n rí i lọ́wọ́ yín kí wọ́n tó gbé e mì. Ẹ má lọ̀ ọ́ mọ́ ọbẹ̀ mọ́! Ọjọ́ tí wọ́n bá mọ̀, wọn ò ní fẹnu kan oúnjẹ yín mọ́.

Bí wọ́n bá tún bu oúnjẹ sílẹ̀ de Àjíkẹ́, ẹ má sọ pé ó lọ sódò. Irọ́ yẹn ló jẹ́ kí wọ́n máa jókòó ti ọ̀nà odò. Ẹ má sì bá wọn jiyàn pé àbúrò wa ti kú. Wọ́n kọ́ wa níléèwé nọ́ọ̀sì pé ká kàn ní, "Mi ò rí i o, Màmá, àmọ́ mo mọ̀ pé àárò rẹ̀ ń sọ yín."

Mo sọ bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ yìí. Wọ́n wò mí títí, wọ́n wá ti abọ́ iṣu tí wọ́n bù de Àjíkẹ́ síwájú mi: "Àjíkẹ́, o mà rù o. Jẹun."

Gbogbo ohun tí mo kọ́ fò lọ lórí mi. Mo ní, "Ẹ ṣé, Màmá," mo sì jẹ ẹ́ tán.

Wọn á wá Àjíkẹ́ lónìí. Mi ò mọ ohun tí ẹ máa sọ fún wọn.

Rhoda