Pòtétò Inú Ìkòkò Mi

Àbámẹ́ta, ọjọ́ 15, oṣù Kọkànlá

Ààwẹ̀ Kérésìmesì wọlé lónìí. Ogójì ọjọ́ láìfẹnu kan ẹran, ẹyin, wàrà. Gbogbo ìlú fajú ro. Inú tèmi ń dùn bí ẹni jẹ tẹ́tẹ́.

Ìwé nìkan ni mo lè sọ ìdí rẹ̀ fún. Láti ìgbà tí ibà oṣù Kẹta ti dá mi gúnlẹ̀ ni ahọ́n mi ti kú. Imú náà bá a lọ. Búrẹ́dì dà bíi páálí, kọfí di omi gbígbóná lásán. Olóògbé ni mo ń pe ahọ́n ọ̀hún. Èmi tí mo fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n se oúnjẹ fún àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ aṣọ, tí gbogbo ìlú ń pè ní Saveta Oníṣíbí. Bí wọ́n bá mọ̀, wọ́n á gba ṣíbí lọ́wọ́ mi, wọ́n á ní kí n máa to àwo. Kí n máa to àwo kẹ̀?

Àmọ́ nínú ààwẹ̀, bí mo bá ń se ẹlẹ́dẹ̀ fún àwọn tí kì í gbààwẹ̀, ta ló máa ní kí n tọ́ ọ wò? Ọlọ́run mi ò sùn.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 18

Ìpàdé ní Ilé Aláàánú. Àwọn arúgbó mọ́kànlá tó wà níbẹ̀ wọ kóòtù sùn ní ọ̀gìnnìtìn èṣí, ẹ̀rọ tó ń mú ilé móoru ti kú. A máa se àsè alẹ́ mẹ́ta láti fi ra òmíràn. Ilona ni alága wa — ọmọ Hungary, Kátólíìkì, ààwẹ̀ ìjọ tiwa ò kàn án. Ó ní àwọn tó ń bọ̀ wá jẹun, Kátólíìkì ni, ọmọ ìjọ Luther ni, àwọn Jámánì tó padà wá wo ilé bàbá wọn ni. "Bí ẹ bá gbé ẹ̀wà fún wọn, ọrẹ ẹ̀wà ni wọ́n máa dá." Ẹlẹ́dẹ̀ ni, nígbà náà. Àwa aláàwẹ̀ á sè é, a ò ní tọ́ ọ wò.

Ìyá Mímọ́ wà níbẹ̀. Leontina ni o, opó akọrin ìjọ wa, tí í ka ẹ̀yìn páálí bisikíìtì kí wàrà má baà yọ́ wọnú ààwẹ̀ rẹ̀. Ogójì ọdún lèmi àti ẹ̀ ti ń fà á. Ó wò mí títí, ó ní, "Saveta, báwo lo ṣe máa mọ̀ bí iyọ̀ bá tó?" Mo ní ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n. Ó ní, "Ọwọ́ rẹ mà gbọ́n o."

Ẹlẹ́nu wẹ́rẹ́.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ 22

Àsè àkọ́kọ́! Èèyàn mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Sarmale la sè — ẹran lílọ̀ àti ìrẹsì tí a fi ewé kábéèjì kíkan wé — ìkòkò ńlá mẹ́ta. Mo fi ìrántí ọwọ́ bu iyọ̀. Ní ìkòkò kejì, mi ò rántí bóyá mo ti bù ú. Mo bù ú. Bóyá ẹ̀ẹ̀mejì ni. Mo fi àmì àgbélébùú sára, mo ṣí i kúrò lórí iná.

Àwo padà ní mímọ́ tónítóní. Jámánì onírùngbọ̀n kan gbà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó tún wọ kíṣìnì wá fẹnu ko ọwọ́ mi.

Ohun kan ṣá. Nígbà tí mo ń fọ ìkòkò kejì, mo bá pòtétò mẹ́rin nísàlẹ̀. Ta ló ń ju pòtétò sínú sarmale? Iṣẹ́ Ilona nìyẹn, àwọn Hungary ò níjàánu.

Àìkú, ọjọ́ 23

Ìgbéraga dùn. Ó kéré tán, ìyẹn ò bọ́ lọ́wọ́ Olóògbé.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ 29

Àsè kejì, ọbẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀. Mo lọ mú igi wá lẹ́yìnkùlé. Mo padà dé, ilẹ̀kùn ṣí díẹ̀ — Ìyá Mímọ́ dúró ti ìkòkò mi, ṣíbí wà lẹ́nu rẹ̀. Ọbẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀, nínú ààwẹ̀. Ó di ojú, ó gbé e mì, ó tún bu òmíràn.

Mo fi aṣọ ìdáná bo ẹnu kí ẹ̀rín má baà tú mi fó. Ọjọ́ gbogbo ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun.

Pòtétò tún wà nísàlẹ̀ ìkòkò. Mi ò ráyè tìyẹn.

Àìkú, ọjọ́ 30

Obìnrin tó fẹjọ́ mi sun àlùfáà nítorí wàràkàṣì bíńtín tí mo jẹ lọ́jọ́ Ẹtì! Ní ṣọ́ọ̀ṣì lónìí, ó ń tiro. Orúnkún rẹ̀ wú bíi búrẹ́dì. Mo ní nínú ọkàn mi pé ọ̀fun ló jẹ̀bi, orúnkún ló ń jìyà. Mo gbádùn rẹ̀ dọ́ba, kí Ọlọ́run má gbọ́.

Ọjọ́rú, ọjọ́ 3, oṣù Kejìlá

Mi ò fẹjọ́ sùn o. Mo kàn bi Bàbá Teofil, àlùfáà wa, pé bí aláàwẹ̀ kan bá ń yọ́ ọbẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ mu, kí ni ìyà rẹ̀. Ó ní, "Ṣé ìwọ ni, Saveta?" Mo ní, "Èmi kẹ̀, Bàbá." Ó ní, "Jẹ́ kí ẹlẹ́nu gbé ẹnu rẹ̀ wá fúnra rẹ̀." Ó wá ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Kí ló ń pa á lẹ́rìn-ín?

Àbámẹ́ta, ọjọ́ 6

Ọjọ́ Nikolau Mímọ́, ẹja ò léèwọ̀. Mo sè é fún àwọn arúgbó Ilé Aláàánú. Èmi nìkan ni mo wà ní kíṣìnì, orúnkún Ìyá Mímọ́ ò jẹ́ kó wá.

Kò sẹ́ni tó lè jẹ ẹ́. Bàbá Traian, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún, tu ú sí àwo. "Saveta, ṣé gbogbo òkun lo bù wá?" Ológbò gbóòórùn rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ilẹ̀ ì bá lanu kí n kó sínú rẹ̀.

Àìkú, ọjọ́ 7

Ọjọ́ tí Leontina wà, àwo mọ́. Ọjọ́ tí kò sí, òkun. Pòtétò sì máa ń fa iyọ̀, ọmọdé mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Mi ò lè jẹun.

Ajé, ọjọ́ 8

Mo lọ sílé rẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ lé àpótí, ewé kábéèjì ló dì mọ́ orúnkún. Mo ní láti ìgbà wo ló ti mọ̀. Ó ní láti Àjíǹde.

"Mo ṣi iyọ̀ mú, mo dà á sínú búrẹ́dì Àjíǹde dípò ṣúgà. Gbogbo ayé tu ú dànù. Ìwọ jẹ ègé méjì, o tún yìn mí. Ogójì ọdún, o ò yin oúnjẹ mi rí. Mo ní, obìnrin yìí ń ṣàìsàn."

Mo ní ààwẹ̀ rẹ̀ ńkọ́. Ó ní òun jẹ́wọ́ fún Bàbá Teofil lẹ́yìn àsè kọ̀ọ̀kan. Ìyà òun ni kí òun kúnlẹ̀, kí òun forí kanlẹ̀, nígbà àádọ́ta fún ìkòkò kọ̀ọ̀kan tí òun tọ́ wò.

Orúnkún yẹn. Orúnkún tí mo fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Mo ní kí ló dé tí kò wí. Ó ní, "Wọ́n á gba ṣíbí lọ́wọ́ rẹ, o ò ní wá mọ́. Ta ni mo fẹ́ máa bá jà?"

Mo sunkún bí ọmọ ọwọ́. Ó ní kí n má sun ún sínú tíì òun, iyọ̀ mi ti tó.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ 13

Kí a tó dáná àsè kẹta, mo sọ fún Ilona níṣojú gbogbo kíṣìnì pé ahọ́n mi ti kú. Ó ní, "Ìyá Saveta, ṣíbí tiyín ni. Ẹ jẹ́ kí èmi máa bá yín tọ́ ọ wò, mo ṣáà ń jẹ ẹran."

Leontina wò ó tìkà-tẹ̀gbin. "Ìwọ tí ata nìkan lahọ́n ẹ mọ̀?" Ló bá gba ṣíbí lọ́wọ́ mi.

Ẹ̀rọ á dé kí ọdún tuntun tó wọlé. Àwọn arúgbó á bọ́ kóòtù.

Ajé, ọjọ́ 15

Mo bá Bàbá Teofil, mo ní kó gbé ìyà Leontina ti Àbámẹ́ta lé mi lórí. Ó ní orúnkún rẹ̀ ti san tirẹ̀. Àmọ́ èmi tí mo yọ̀ nígbà tí mo rò pé arábìnrin mi ṣubú, àádọ́ta ni tèmi.

Leontina tiro wá, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń bá mi kà á. Ó ní òun ò fọkàn tán mi. Mo foríkanlẹ̀, mo dìde, mo foríkanlẹ̀. Nígbà tí mo pé mẹ́rìndínlógójì, ó ní mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni.

Mi ò bá a jiyàn.